Ìwé Mọ́kànlá Tí Kò Lámì

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kejì

Ìyá Àgbà, olórí ilé àwa Sísítà, pè mí sí ọ́fíìsì lẹ́yìn Mísà, ó ní kí n jókòó. Nígbà tí ọmọ tí mo fi rúlà nà lọ́wọ́ ní kíláàsì kẹta bá ní kí n jókòó, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti dé nìyẹn. Ó gbé páálí kan sórí tábìlì. Ìwé Sísítà Ọlọ́gbà ni, mọ́kànlá, ìwé búlúù pẹlẹbẹ táwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Bá a ṣe kó wọn kúrò lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ nígbà tó kú lọ́dún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà, tẹrẹ̀tẹrẹ̀.

"Tíṣà, Bíṣọ́ọ̀bù ti ránṣẹ́. Fadá tó ń ṣèwádìí á dé lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ ká da gbogbo ìwé yìí kọ, ká fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, torí àwọn tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ará òkè òkun ò lè ka ọ̀rọ̀ tí kò lámì. Bí wọ́n bá tẹ́wọ́ gbà á, wọ́n á máa pe Ọlọ́gbà wa ní Ẹni Mímọ́ kí èmi àtẹ̀yin tó kú."

Mo ní ṣé kò sí ọ̀dọ́ nínú ilé yìí ni. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ò mọ àmì ohùn, orí fóònù ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Òótọ́ ló sọ, mi ò lè jà á níyàn.

Ta tiẹ̀ ni ì bá ṣe é bí kì í bá ṣe èmi? Èmi ni mo ka ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ìwé yẹn sétígbọ̀ọ́ gbogbo èrò lọ́jọ́ tá a sin ín. "Ọkọ mi dé. A ó wálé lọ́la." Ó kọ ọ́ lónìí, ó kú lọ́jọ́ kejì. Jésù ló pè lọ́kọ, ta ni kò mọ̀? Gbogbo ilé bú sẹ́kún. Ìlà yẹn ló wà lórí káàdì àdúrà. Òun ló mú kí Bíṣọ́ọ̀bù dá sí ọ̀rọ̀ náà. Òun náà làwọn ọmọbìnrin tó ń wá ọkọ ń tìtorí rẹ̀ kúnlẹ̀ nídìí sàréè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Mo gbé páálí náà lọ sí yàrá mi. Ó wúwo díẹ̀.

Ọjọ́rú, 3 oṣù kejì

Mo bẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́run má dá Ọlọ́gbà lẹ́jọ́ nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé. Ọdún méjì péré ló ṣe níléèwé kó tó wọ ilé yìí. Kò fi àmì kan sórí ọ̀rọ̀, kò sì fi sísàlẹ̀ lẹ́tà, àfi ibi tí ẹrẹ̀ bá ti bá a fi sí i. Mo ní láti máa fi èékánná ha á kí n mọ̀ bóyá àmì ni àbí ìdọ̀tí.

Ohun tó sì ń kọ kò ju báyìí lọ: "Mo gbin alubosa. Ojo ko ro. A wale."

Mo fi àmì sí i: Mo gbin àlùbọ́sà. Òjò kò rọ̀. A wálé.

"A wálé" yẹn wà ní ojú ewé tó pọ̀. Ó jáde láàárọ̀ lóun nìkan, ó sì wálé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹnì kan. Mo kọ ọ́ ní ìgbà mẹ́jọ lónìí, ara mi sì ń bù máṣọ nígbà kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù kejì

Ọmọbìnrin mẹ́sàn-án ló wá síbi sàréè. Ọ̀kan nínú wọn kò wá bẹ̀bẹ̀, ọpẹ́ ló wá dá, ó mú àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ wá. Ìyá Àgbà kàn án mọ́ ara ògiri ibi tá a ti ń gbàlejò. Ó di mẹ́tàdínlógún.

Onídáná, Sísítà tó ń dáná fún wa, dúró síwájú àwọn àwòrán náà, ó nu ọwọ́ sára épíróònù rẹ̀. "Ọlọ́gbà tó sá fún ọkọ lọ́jọ́ ayé ẹ̀, òun ló wá di alárinà lẹ́yìn ikú."

Mo sọ fún un pé kó lọ wo ìkòkò ẹ̀ tó ń jóná. Àmọ́ mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù kejì

Ìwé kejì parí. Ojú ń ta mí. Gíláàsì mi ti dàgbà ju ojú mi lọ.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù kejì

Lónìí: "Mo bi Í léèrè. Kò dáhùn. Mo kó ìgbẹ́ màlúù sídìí tòmátì."

Kò sunkún, kò bínú. Olúwa kò dá a lóhùn, ó lọ kó ìgbẹ́. Mo rántí bó ṣe máa ń ṣe sáwọn tó wá bá a lẹ́bàá ọgbà pé kó gbàdúrà fáwọn. Á ní, "Ẹ bá mi kó koríko yìí dànù ná." Nígbà tí wọ́n bá fi kó o tán, ìdajì wọn á ti gbàgbé ohun tí wọ́n bá wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ èyí síbí, níwọ̀n ìgbà tí kò sẹ́ni tó máa kà á. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń kúnlẹ̀ ní ṣápẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mi ò rí nǹkan kan rí, àfi oorun. Mi ò gbóhùn, ara mi ò gbóná, omi ò bọ́ lójú mi. Mo ti sọ fún fadá mẹ́ta tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n ní sùúrù. Ìlà Ọlọ́gbà ni mo fi ń ní sùúrù náà. Bí Olúwa ò bá tiẹ̀ yà lọ́dọ̀ mi, ó yà lọ́dọ̀ ẹni tá a jọ ń jẹun lórí tábìlì kan, mo sì fojú ara mi ka ìwé tó kọ sílẹ̀ nígbà tó dé. Ìyẹn tó mi.

Ọjọ́rú, 17 oṣù kejì

Ọjọ́rú Eérú, ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ebi. Ìwé kẹfà.

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù kejì

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lónìí tí kò dùn mọ́ mi.

Ìwé keje, ojú ewé kẹrin: "A wale lati aaro titi di osan. Eyin n dun mi."

Mo ti kọ "A wálé láti àárọ̀" kí n tó dá bírò dúró. Ta ló ń wálé láti àárọ̀ títí di ọ̀sán? Láti ọgbà dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ìgbín gan-an á ti dé. Ẹ̀yìn ta ló sì ń dùn ún torí pé ó wálé?

Ẹ̀yìn ẹni tó walẹ̀ ló máa ń dùn ún.

A walẹ̀. Ó ń walẹ̀ ni. Mo padà sí ìwé kìíní, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. "A wale. A gbin ata." "A wale, okuta po." Òkúta pọ̀! Òkúta wo ló wà lójú ọ̀nà ilé? Mo ti da ìwé mẹ́fà kọ, mo sì ti ṣì í kọ láti orí kìíní dé orí kẹfà. Bí ọmọ kíláàsì mi bá ṣe èyí, òdo ni mo máa fún un, màá sì tún ní kó dúró sẹ́yìn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́. Mi ò jẹun alẹ́.

Ọjọ́rú, 24 oṣù kejì

Mo lọ bá Onídáná nílé ìdáná, òun nìkan ló ṣẹ́ kù nínú àwọn tó bá Ọlọ́gbà gbé láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ta ló ń bá Ọlọ́gbà ṣiṣẹ́ nínú ọgbà?"

"Kò sẹ́nì kan. Ìyá Àgbà ìgbà yẹn ò gbà pé ká gba òṣìṣẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, òun nìkan. Èmi tí mo sún mọ́ ibẹ̀ jù, ewébẹ̀ nìkan ni mò ń lọ já."

"Ó ń kọ ọ́ pé 'a walẹ̀'. Kò kọ ọ́ pé 'mo walẹ̀' rí. Ta wá ni 'a'?"

Ó ń bó ọ̀dùnkún lọ, kò gbójú sókè. "Èmi kọ́ lẹ máa bi. Bóyá òun àti ọkọ́ ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Ó bi mí bóyá ara mi ò yá. Mo ní kò sí nǹkan kan.

Òun àti ọkọ́ ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù kejì

Mo gbé ìwé kọkànlá jáde láìtíì kan ìkẹjọ. Mo fẹ́ wo ojú ewé tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn. Ojú ewé méjì níbẹ̀ lẹ̀ pọ̀, oògùn ikọ́ tó ń mu lọ́sẹ̀ tó kú ló dà sí i. Báyìí ló wà lọ́jọ́ ìsìnkú, mi ò sì yọ ara mi lẹ́nu pé kí n ya á. Èyí tó gbẹ̀yìn ni mo kà, ó dùn, mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Onídáná gbé kẹ́tùlù kaná. Mo na ìwé náà sí èéfín omi gbígbóná, mo rọra ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ṣí i, Onídáná ń pariwo pé kí n má jó ọwọ́ mi. Ó ṣí. Lẹ́tà rẹ̀ ti ràn, àmọ́ ó ṣeé kà:

"Oko mi kan ni ana nibi okuta. Mo fi ran omo alagbede. Ko tii de. Mo n reti."

Ọjọ́ kejì ni ti ojú ewé tó kàn, èyí tó wà lórí káàdì: "Oko mi de. A o wale lola."

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ fún kíláàsì tuntun kọ̀ọ̀kan, fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń kọ sójú pátákó: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, oko. Màá ní, "Ẹ wò ó, bí o bá gbójú fo àmì, o lè lọ ro ọkọ̀, kó o sì fẹ́ ọkọ́ dípò ọkọ." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. (Ìkarùn-ún wà táwọn ará ẹ̀yìn kíláàsì máa ń sọ wúyẹ́wúyẹ́, mi ò ní kọ ìyẹn síbí.) Èmi yìí kan náà ni mo dúró nídìí pósí, tí mo gbé ohùn sókè, tí mo fún obìnrin kan ní ọkọ nígbà tó jẹ́ ọkọ́ rẹ̀ ló ń retí.

Ọkọ́ mi dé. A ó walẹ̀ lọ́la.

Onídáná kà á látẹ̀yìn èjìká mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Yéè," ló ní. Ó gbé kẹ́tùlù kúrò lórí iná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 oṣù kejì

Mo lọ bá alágbẹ̀dẹ. Mo ṣì ní ìrètí pé ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ nǹkan míì. Baba náà ti dàgbà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ṣiṣẹ́ báyìí, òun jókòó lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ẹnu ṣiṣẹ́.

"Sísítà kúkurú tí ń rẹ́rìn-ín sísàlẹ̀? Mo rántí. Ọkọ́ ẹ̀ kán, irin ẹ̀ náà ti jẹ tán. Mo rọ tuntun fún un. Ìyá oníbìínú tẹ́ ẹ ń wò nídìí iná yìí ló gbé e lọ, ó ṣì kéré nígbà náà."

Ọmọ rẹ̀ gbọ́, ó yí padà. "Orí ibùsùn ni mo ti bá a, mà. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú. Ó gba ọkọ́ náà mọ́ra bí ẹní gba ọmọ. Ó ní, 'O ṣeun. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́la.' Mo ní, 'Ìyá, ẹsẹ̀ yín wú, báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́la?' Ó ní òun nìkan kọ́."

"Òun nìkan kọ́ ló sọ?"

"Ohun tó sọ nìyẹn. Mo rò pé ẹ̀yin Sísítà yòókù ló ní lọ́kàn."

A ò sí níbẹ̀. Kò sẹ́nì kan nínú wa tó di ọkọ́ mú rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Baba náà ní kí n kí Ìyá Àgbà, kí n sì sọ fún un pé gééètì wa ń dún, ó fẹ́ epo.

Ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù kejì

Àwọn èèyàn wa bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Mọ́kàndínlógún ni tiwa.

Mi ò lọ síbi sàréè. Ojú ń tì mí láti lọ.

Kì í ṣe ìtìjú nìkan. Inú ń bí mi sí obìnrin tó ti kú. Ohun tí mo fi ń dúró láti ọjọ́ yìí wá, igi ọkọ́ ni. Mo kúnlẹ̀ ní ṣápẹ́ẹ̀lì nírọ̀lẹ́, àga tó wà níwájú mi nìkan ni mò ń wò. Ta ló yà lọ́dọ̀ ta? Kò sẹ́ni tó yà.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kẹta

Mo sọ fún Ìyá Àgbà. Mo kó ìwé náà sí iwájú rẹ̀, mo fi ojú ewé tí oògùn ikọ́ lẹ̀ pọ̀ hàn án, mo sọ ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ó gbọ́ ọ dópin láìdá mi lẹ́kun. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Tíṣà, ta ló tún mọ̀?"

"Onídáná."

"Olúwa ṣàánú wa. Gbogbo àdúgbò ti mọ̀ nìyẹn." Ó jókòó. "Ẹ gbọ́. Bí ìlà yìí bá ṣubú, ọ̀rọ̀ Ọlọ́gbà ti ṣubú. Kì í ṣe àlùbọ́sà ni Bíṣọ́ọ̀bù rí tó fi rán Fadá wá. Àwọn èèyàn mẹ́tàdínlógún tó wà lára ògiri ńkọ́? Kí n lọ sọ fún wọn pé ọkọ́ ló fẹ́ wọn?"

Mo ní èmi kọ́ ló pe ọkọ́ ní ọkọ́.

"Ẹ̀yin lẹ pè é lọ́kọ!" Ó gbé ohùn sókè, ó sì rẹ ohùn náà sílẹ̀ kíákíá, torí mo ṣì jẹ́ tíṣà rẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mo ní nǹkan kan láti sọ. Ọlọ́gbà ò fi àmì sí i. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi sí i. Ẹ da ìlà yẹn kọ bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Kí àwọn tó fẹ́ kà á kà á bó bá ṣe yé wọn."

Mo wò ó. Ọmọ yìí mọ̀wé ju bí mo ṣe rò lọ. Nínú gbogbo ilé yìí, ó rí ibi kan ṣoṣo tí èèyàn lè dúró sí tí kò ní í purọ́, tí kò sì ní í sọ òótọ́. Mo ní màá rò ó.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù kẹta

Òjò ńlá. Omi wọ yàrá mi. Mo gbé ìwé mọ́kànlá náà sórí ibùsùn mi, mo sùn sórí àga.

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù kẹta

Ìwé kẹwàá. Bírò kejì ti tán, èyí tí wọ́n rà fún mi ń da omi.

Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ pé ó ń walẹ̀, ìwé náà ti yí padà lójú mi, inú ń bí mi sí i pé ó yí padà. "A walẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ní ó tó. A rẹ́rìn-ín." Òun àti ta ni? Kò sẹ́ni tó lè bá ọkọ́ rẹ́rìn-ín.

Mò ń bẹ̀rù láti kọ ohun tí mò ń rò. Mo ti sọ ohun tí mi ò mọ̀ fún àwọn èèyàn rí.

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù kẹta

Ó parí. Mo ṣe bí Ìyá Àgbà ṣe wí. Gbogbo ìlà ló lámì àyàfi ìkẹyìn. "Oko mi de. A o wale lola." Ó dà bí ẹni tó wọṣọ tán tó gbàgbé bàtà. Mo dì í sínú páálí, mo fi okùn so ó. Ìyá Àgbà dì mọ́ mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí láti ìgbà tó ti wà ní kíláàsì kẹta.

Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù kẹta

Fadá dé ní aago mẹ́sàn-án pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó tinrin, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. Bí o bá fèsì, á ní, "Kí ló dé?" Onídáná ló kọ́kọ́ wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó máa fi jáde, ó ti sọ ọ́ ní Fadá Kí-ló-dé. Ó ní òun ò sọ ọ̀rọ̀ ọkọ́ náà, torí pé wọn ò bi òun. Ìyá Àgbà wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Èmi ló kàn.

Mo gbé ọwọ́ lé Bíbélì, mo búra. Ó ṣí àdàkọ mi sí ẹ̀yìn pátápátá.

"Sísítà, ẹ̀yin lẹ fi àmì sí gbogbo èyí?"

"Èmi ni, Fadá."

"Iṣẹ́ yín dára gan-an. Mi ò rí ìlà kan tí àmì rẹ̀ ṣìnà. Àfi èyí, tí kò ní rárá. Kí ló dé?"

Ó yẹ kí n ní ìdáhùn nílẹ̀. Mo ti pèsè é láti ọjọ́ mẹ́ta, mo ti fi dánra wò níwájú dígí: "Mo dà á kọ bó ṣe wà, Fadá." Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Mo la ẹnu, ohun tó jáde kì í ṣe ìyẹn.

"Nítorí pé èmi ni mo ṣì í kà, Fadá. Ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, nídìí pósí rẹ̀. Ọkọ́ ni. Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko. Tirẹ̀ kán, ó rán an lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó dé. 'A ó walẹ̀ lọ́la' ló kọ. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an pé ẹni tó ń lọ sọ́run kì í sọ pé òun ń wálé, á ní òun ń lọ sílé. Tíṣà èdè ni mí, mo mọ̀. Mo gbójú fò ó torí pé ó dùn létí, àti torí pé mo fẹ́ kí ẹnì kan ti yà lọ́dọ̀ ẹnì kan nínú ilé yìí."

Fadá bọ́ gíláàsì rẹ̀. Akọ̀wé ń tẹ̀wé lọ.

"Ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe yìí, Sísítà?"

"Mo mọ̀."

Ó ń ṣí ìwé náà padà sẹ́yìn, ewé kan, ewé kan. Mo rò pé ó ti parí, mo ti ń dìde.

"A walẹ̀," ni ó ń kà. "A walẹ̀, òkúta pọ̀. A walẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ta ló ń bá a ṣiṣẹ́?"

"Kò sẹ́nì kan."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Gbogbo ilé ló mọ̀."

"Ta wá ni 'a'?"

"Mi ò mọ̀, Fadá. Mo ti fi ọdún mọ́kàndínlógún ṣe bí ẹni tó mọ̀. Mi ò mọ̀."

Akọ̀wé dáwọ́ dúró. Fadá ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kó má tún un ṣe. Ó wá yí àdàkọ náà sọ́dọ̀ mi, ó fún mi ní bírò ara rẹ̀. Mo fi àmì sí gbogbo ìlà náà níṣojú rẹ̀. Àmì orí "ọkọ́" wọ́ díẹ̀. Mo bi í bóyá ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ó ní òun ò lè ṣèlérí kankan, àwọn tó wà lókè ló máa pinnu, àmọ́ pé òun máa mú ìwé mọ́kànlá náà lọ fún wọn, òun sì fẹ́ lọ rí ọmọ alágbẹ̀dẹ lọ́la.

Ìyá Àgbà ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ sọ ọ́."

"Mo sọ ọ́."

Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sunkún díẹ̀, ó fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Káàdì ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, Tíṣà. Ẹ̀yin lẹ máa fi bírò tún gbogbo rẹ̀ ṣe." Mo ní kò burú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù kẹta

Ìyá Àgbà lẹ ìwé mọ́ gééètì láàárọ̀: kì í ṣe ọkọ, ọkọ́ ni, ilé yìí tọrọ àforíjì. Ó ní kí èmi dúró níbẹ̀, torí ẹni tó ṣe é ló yẹ kó ṣàlàyé. Obìnrin mẹ́ta kà á, wọ́n padà. Ọ̀kan bú mi, ó ní ọdún méjì lòun ti ń wá, pé ta ló máa dá àkókò òun padà.

Ó ti ń lọ sí ọ̀sán nígbà tí obìnrin télọ̀ kan dé, ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó fi téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn. Ó kà á, ó tún un kà.

"Ẹ káàsán mà. Ọkọ́ tí wọ́n fi ń walẹ̀ ni?"

"Òun náà ni."

"Kí ló wá fẹ́ fi ṣe?"

Mo kà á fún un: "Ọkọ́ mi dé. A ó walẹ̀ lọ́la."

"Òun àti ta ni?"

"A ò mọ̀."

Ó ronú, ó ń fi ìka yí téèpù náà. "Ẹ má bínú, mà. Ìyá mi ní ọkọ. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi dá walẹ̀ nínú ilé ọkọ náà, kó tó di pé wọ́n kẹ́rù wọn. Ẹni tá a jọ máa walẹ̀ lèmi ń wá. Ibi tí mò ń bọ̀ gan-an nìyí. Ṣé ẹ máa ṣílẹ̀kùn fún mi?"

Mo ṣí gééètì. Ó ní òun ò mọ ọ̀nà, mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ. Láti oṣù tó kọjá ni mi ò ti débẹ̀, koríko ti hù sí i. A fà á tu ná. Lẹ́yìn náà àwa méjèèjì jọ kúnlẹ̀, òun ń sọ tirẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èmi ń bẹ Ọlọ́gbà pé kó má bínú sí mi, mo sì ń sunkún bí ọmọdé.